Ìpamọ́ Àṣírí Nínú Iṣẹ́ Tí A Gbé fún Ẹ̀rọ Ẹlòmíràn: Ọ̀ràn Kọ̀ǹpútà Kúántọ́ọ̀mù, 1978 sí 2018

Ìbéèrè tí ó bí ìtàn yìí ti ọdún 1978 wá. Ní ọdún náà ni Rivest, Adleman àti Dertouzos béèrè bóyá ẹlẹ́rọ lè ṣe ìṣirò lórí ọ̀rọ̀ tí a dì ní àṣírí láìtú u. Ẹni tí a fi àrokò rán a máa gbé e dé ibi tí ó ń lọ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rọ kì í gbé iṣẹ́ lásán, ó gbọ́dọ̀ ṣe é.

Kọ̀ǹpútà kúántọ́ọ̀mù mú ìbéèrè náà le sí i, nítorí pé ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni ó wà. Ní ọdún 2016, IBM ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ní qubit 5 sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn.

Ní ọdún 2001, Andrew Childs ti dábàá pé kí oníbàárà fi kọ́kọ́rọ́ tí ó fi kèké yàn da qubit rẹ̀ rú kí ó tó fi í ránṣẹ́. Àbá yìí pa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò máa tọ́jú qubit sí, iṣẹ́ náà yóò sì máa lọ, yóò máa bọ̀.

Broadbent, Fitzsimons àti Kashefi sọ ẹrù náà di fífúyẹ́ ní ọdún 2009. Oníbàárà yóò kàn pèsè qubit ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kan tí ó fi kèké yàn nínú 8. Ẹlẹ́rọ yóò so wọ́n pọ̀, yóò sì wọ̀n wọ́n bí a ti ní kí ó ṣe. Nítorí pé kò mọ igun ìbẹ̀rẹ̀, àṣẹ tí ó ń gbà kò ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó nìkan ni kò pamọ́ fún un. Ní ọdún 2012, a fi ìmọ́lẹ̀ dán ọ̀nà yìí wò ní Vienna.

Ní ọdún 2018, Urmila Mahadev fi hàn pé ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà lásán pàápàá lè fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ní àṣírí. Ó rọrùn láti ka èyí sí òpin ìtẹ̀síwájú kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òfin ìṣẹ̀dá ni ó ń ṣọ́ àṣírí ti ọdún 2009, bí ó ti wù kí agbára ẹlẹ́rọ pọ̀ tó. Ìṣòro ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó le, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí ìdánilójú hàn pé ó le, ni ó ń ṣọ́ ti ọdún 2018. Nítorí náà, ẹrù tí ó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà kò sọnù. Orí ìgbàgbọ́ ni a gbé e lé.