Ta ló ń bu ṣúgà sí oúnjẹ ọmọ? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń polówó fún ọmọdé, láti Sibang dé Èkó

Ní Sibang, àdúgbò kan ní Libreville tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, igbó kan wà láàárín ìgboro. Láyé ìjọba amúnisìn ni àwọn Faransé ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ láti máa gbin igi oríṣiríṣi sí, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ọ̀kan nínú àwọn igi tí Gabon fi lókìkí láàárín àwọn onímọ̀ ni Irvingia gabonensis, tí orúkọ orílẹ̀-èdè náà wà lára orúkọ rẹ̀. Igi yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Òun ni igi òro, tí a ń mú kóró èso rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Odika ni àwọn ará Gabon ń pe èyí tí wọ́n ń fi kóró náà sè ní tiwọn.

Ohun tí ọmọ ilé ìwé ń rí lórí pẹpẹ ìsọ̀ àdúgbò lóde òní yàtọ̀ sí odika. Bisikíìtì inú ọ̀rá, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, súìtì, ṣokoléètì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì àti nudù inú ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Bó ṣe rí ní Libreville náà ló rí ní Kútọnu, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ère ẹranko aláwọ̀ mèremère, tàbí àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, máa ń wà lójú páálí náà.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Gabon ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì ni, ó ju mẹ́jọ lọ nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń gbé ìlú, ilẹ̀ òkèèrè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn ti ń wá. Owó epo rọ̀bì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gan-an láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi kúrò nídìí oko. Gbàgúdà tí wọ́n ń wé sínú ewé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní nyembwe ṣì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì Faransé àti adìẹ inú yìnyín láti òkè òkun ló gba ipò iwájú nínú oúnjẹ òòjọ́.

Àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Yorùbá láti Benin àti Nàìjíríà wà lára wọn, ti pẹ́ nídìí òwò kéékèèké ní Libreville. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Gabon kéde pé òun fẹ́ fi irú òwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú nìkan. Ìkéde náà lè pààrọ̀ ẹni tó dúró lẹ́yìn pẹpẹ. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà lórí pẹpẹ.

Irú oúnjẹ wo gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn?

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn ló léwu. Gàrí tí wọ́n yan, wàrà tí wọ́n sọ di wàràkàṣì, ẹja tí wọ́n fi èéfín gbẹ, gbogbo wọn ni a ti ṣe nǹkan sí kí wọ́n tó dé inú abọ́. Ní ọdún 2009, ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Monteiro ní fásitì ìlú São Paulo, lórílẹ̀-èdè Brazil, dá àbá pé kí á máa pín oúnjẹ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ṣe sí i ti pọ̀ tó. Ìpín yìí ni wọ́n ń pè ní NOVA. Ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni ti oúnjẹ tí iléeṣẹ́ fi ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró, iyọ̀, àwọ̀ àti òórùn àtọwọ́dá pò pọ̀, débi pé kò sí ẹni tó lè fi ohun èlò ilé ìdáná tirẹ̀ ṣe irú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dá a mọ̀ ni kíkà ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí: bí orúkọ tí kò sí ní ilé ìdáná ìyàwó ilé kankan bá pọ̀ níbẹ̀, irú rẹ̀ ni.

Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fi hàn kedere bí ṣúgà ṣe ń sá pamọ́. Agolo kan tó gba sẹ́ńtílítà 33 nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ní ṣúgà tó tó gíráàmù 35. Bí a bá ka gíráàmù mẹ́rin sí ṣíbí ìpotíì kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí mẹ́sàn-án. Kò sí ìyá tí yóò bu ṣíbí ṣúgà mẹ́sàn-án sínú ife omi kan fún ọmọ rẹ̀. Nínú agolo, ojú kò rí i.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2015 pé agbára tí ara ń rí láti inú ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ kò gbọdọ̀ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí oúnjẹ ojúmọ́ ń fún ara, ó sì dára jù bí kò bá tó ìdá márùn-ún. Fún ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní 2023 le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n má fún un ní ohun mímu aládùn rárá, kí wọ́n sì yẹra fún oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá burúkú pọ̀ nínú rẹ̀.

Orúkọ kan náà, ìwọ̀n ṣúgà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ọ̀pọ̀ òbí jù ni oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ Public Eye ti orílẹ̀-èdè Switzerland àti IBFAN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbèjà ọmú fífún ọmọ, gbé ìwádìí kan jáde lórí Cerelac, oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tí iléeṣẹ́ Nestlé ń ṣe. Wọ́n ra á ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Àbájáde rẹ̀ ni pé èyí tó ní adùn bisikíìtì, tí wọ́n ń tà fún ọmọ oṣù mẹ́fà, kò ní ṣúgà àfikún kankan nínú ní Switzerland, níbi tí iléeṣẹ́ náà ti wá. Ní Senegal àti South Africa, irú rẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà nínú ìwọ̀n tí ọmọ ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ga jù tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní gíráàmù 6.8. Ti Philippines tó 7.3. Ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ṣúgà àfikún nínú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀.

Nestlé fèsì pé òun kò rú òfin orílẹ̀-èdè kankan, àti pé láàárín ọdún mẹ́wàá òun ti dín ṣúgà àfikún tó wà nínú oúnjẹ ọkà fún ọmọ ọwọ́ kù ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri àgbáyé. Òótọ́ ni pé ìlànà Codex, èyí tí WHO àti àjọ FAO jọ ń tọ́jú, fàyè gba ìwọ̀n ṣúgà kan nínú oúnjẹ ọkà ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì gbé òfin tiwọn lé e. Ohun tó yẹ kí á kíyè sí gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti rú òfin kí oúnjẹ ọmọ Dakar tó dùn ju ti ọmọ Zurich lọ. Ní ọdún 2025, Public Eye tún padà wá ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Áfíríkà nìkan, ó sì sọ pé èyí tó ju ìdá àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí òun yẹ̀ wò ló ní ṣúgà àfikún.

Ahọ́n ọmọ ọwọ́ fẹ́ràn adùn láti inú oyún wá. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ọmú ìyá pàápàá dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó jẹ lẹ́yìn ọmú bá ti jẹ́ aládùn yóò máa retí irú adùn bẹ́ẹ̀ nínú oúnjẹ mìíràn. Ògì lásán kò ní tù ú lára mọ́. Eyín jíjẹrà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Sísanra àsanjù, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè tẹ̀ lé e bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Bí ìpolówó ṣe ń wọ ilé ìwé

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé ti fi hàn tipẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò lè dá a mọ̀ pé ẹni tó ń polówó ń fẹ́ ta nǹkan. Lójú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti ọ̀rọ̀ inú ìpolówó kò yàtọ̀ síra.

Ìpolówó kò sì dúró sórí amóhùnmáwòrán mọ́. Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1999 ni ìdíje bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù sáwọ̀n tí Milo ń ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún àwọn ilé ìwé girama ti ń wáyé. Indomie, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nudù ní Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1995, dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ń fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn ọmọdé tó ṣe akin lọ́lá. Ọ̀pọ̀ òbí dúpẹ́ fún àwọn ètò wọ̀nyí, ìdúpẹ́ náà sì tọ́, torí pé níbi tí ìjọba kò ti ra bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé, ẹni tó bá rà á kò ṣeé lé lọ. Síbẹ̀, orúkọ ọjà ló wà lára ẹ̀wù tí ọmọ náà wọ̀.

Ilé oúnjẹ ìgbàlódé náà mọ ọ̀nà yìí. Láti 1979 ni McDonald's ti ń ta oúnjẹ ọmọdé tí ohun ìṣeré wà nínú páálí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ lágbàáyé ló sì kọ́ irú rẹ̀. Lónìí, orí fóònù ni ìjà náà wà jù, níbi tí òbí kì í ti í rí ohun tí ọmọ rí.

Kí ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe?

Chile ló kọ́kọ́ fọwọ́ líle mú un. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2016, oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá tàbí agbára inú rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n gbọ́dọ̀ gbé àmì dúdú onígun mẹ́jọ síwájú páálí. Kò gbọdọ̀ ní àwòrán ẹranko tàbí ohun ìṣeré tó ń fa ọmọdé mọ́ra, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á nínú ọgbà ilé ìwé. Àwọn tó tọpa ohun tí ìdílé ń rà rí i pé rírà ohun mímu tó gbé àmì dúdú náà fi nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀. Mexico gbé àmì tirẹ̀ jáde lọ́dún 2020.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ owó orí lórí ohun mímu aládùn ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti dín ṣúgà ọjà wọn kù kí ọjọ́ náà tó pé, torí pé bí ṣúgà bá ti pọ̀ tó ni owó orí ṣe ń pọ̀ tó. Oṣù yẹn kan náà ni South Africa bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Nàìjíríà náà fi owó orí lé e nínú òfin ìnáwó ọdún 2021. Náírà mẹ́wàá ni lórí lítà kan, iye kan náà fún èyí tó dùn púpọ̀ àti èyí tó dùn díẹ̀. Fún ìgò tó gba sẹ́ńtílítà 60, náírà mẹ́fà péré ni. Pẹ̀lú bí ọjà ṣe wọ́n láti ìgbà náà, ó ṣòro kí oníbàárà tó mọ̀ pé owó orí kan wà níbẹ̀.

Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ UNICEF kéde pé láàárín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kàndínlógún lágbàáyé, àwọn tó sanra jù ti pọ̀ ju àwọn tó rù jù lọ fún ìgbà àkọ́kọ́: ìdá 9.4 sí 9.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Gúúsù Áṣíà àti Áfíríkà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara ni ọ̀rọ̀ kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa yọ. Ebi ṣì ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ níbẹ̀ ni. Nínú ilé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí àbúrò máa rù kí ẹ̀gbọ́n sì máa sanra, torí pé bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń yóni, wọn kì í ṣara lóore.

Ní Gabon, Ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde ní 2025 pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2027, orílẹ̀-èdè náà kò ní gba adìẹ òkèèrè wọlé mọ́, kí àwọn àgbẹ̀ ilé lè máa sin tiwọn. Ìpinnu ńlá ni, nítorí adìẹ ni ẹran ọ̀pọ̀ ìdílé ní Libreville. Ọ̀rọ̀ adìẹ nìkan sì ni. Bisikíìtì, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ ọmọ inú páálí kò sí nínú rẹ̀.