Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí Òfin àti Òṣùwọ̀n Ìbánisọ̀rọ̀: Àyẹ̀wò láti Port Harcourt

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò bí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí òfin ìbánisọ̀rọ̀ àti òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, láti ìgbà tí okùn tẹligíráàfù dé Bonny lọ́dún 1886 títí di ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Àbújá lọ́dún 2025. Port Harcourt ni a fi ṣe ibi ìwòye. Ìlú ńlá ni, ìlú ọrọ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí etíkun Èkó tí ọ̀pọ̀ okùn abẹ́ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ó sì sún mọ́ ibi tí agbára àjọ ECOWAS parí sí. Èrò wa ni pé òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, àmọ́ òfin tó kan owó, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ṣì ń dúró de ẹni tí yóò mú un ṣẹ.

Ìfáàrà

Ọkọ̀ ojú omi tó bá ń ti òkun bọ̀ wọ odò Bonny, ìbáà jẹ́ èbúté Port Harcourt ló ń lọ, ìbáà jẹ́ Onne, ìkànnì 16 ni atukọ̀ rẹ̀ ń tẹ́tí sí lórí rédíò. Ìgbì 156.8 MHz ni ìkànnì náà wà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Kútọnu, ní Lomé àti ní Rotterdam. Ẹni tí ewu bá dé bá lójú omi mọ ibi tí yóò ti ké, ẹni tó wà létíkun sì mọ ibi tí yóò ti gbọ́ ọ. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí lábẹ́ ITU, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló mú un rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo oníṣòwò tó kúrò ní Port Harcourt, tó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ ra ọjà ní Kútọnu. Bó bá fi síìmù Nàìjíríà rẹ̀ pe ilé, iye tí wọ́n ń yọ kì í ṣe iye tó ń san nílé. Ọ̀pọ̀ a kúkú ra síìmù mìíràn kí wọ́n tó kúrò ní ẹnubodè. Bẹ́ẹ̀ àjọ ECOWAS ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù Kejìlá ọdún 2017. Àdéhùn ni ti rédíò ojú omi, àdéhùn náà ni ti síìmù. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, èkejì ń rá pálá. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ túdìí rẹ̀.

Láti orí okùn Bonny dé orí GSM

Ọdún 1865 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàdé ní Paris, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó padà di ITU sílẹ̀, nítorí pé tẹligíráàfù kò lè kọjá ààlà bí ẹ̀rọ ìhín àti tọ̀hún kò bá gbọ́ ara wọn yé. Ọdún 21 lẹ́yìn náà, lọ́dún 1886, ilé iṣẹ́ African Direct Telegraph Company fa okùn gba abẹ́ òkun dé Èkó, Brass àti Bonny. Wọn kò tíì tẹ Port Harcourt dó nígbà náà. Ọdún 1913 ni ìlú náà gba orúkọ rẹ̀, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń kọ́ èbúté àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èédú Udi jáde. Epo pupa àti èkùrọ́ ló mú okùn wá sí Bonny. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ iye tí epo ń lọ ní Liverpool kí ọkọ̀ tó gbéra.

Bí a ṣe to okùn wọ̀nyí ni ìṣòro tó pẹ́ jù. Agbègbè amúnisìn kọ̀ọ̀kan so mọ́ olú ìlú aláṣẹ rẹ̀, wọn kò so mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn òmìnira pàápàá, ìpè láti Èkó sí Kútọnu lè gba London àti Paris kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ìrìn-àjò ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Èyí ló bí ètò PANAFTEL, tó fẹ́ kí ìlú Áfíríkà kan bá òmíràn sọ̀rọ̀ láì yà sí Yúróòpù. Òun náà ló wà lẹ́yìn ìdásílẹ̀ àjọ ìbánisọ̀rọ̀ gbogbo Áfíríkà lọ́dún 1977, èyí tó di ATU lọ́dún 1999 tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, gbé ètò INTELCOM tirẹ̀ kalẹ̀ láti so àwọn olú ìlú pọ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1997 ó gbé ipele kejì ètò náà dìde.

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ da ẹ̀ka tẹlifóònù ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ P&T pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkèèrè, ó sì sọ wọ́n di NITEL lọ́dún 1985. Òfin kan lọ́dún 1992 dá àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkó, Àbújá àti Port Harcourt ni MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

GSM tí gbogbo agbègbè yìí gbà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìpàdé kò lè ṣe. Yúróòpù ni òṣùwọ̀n náà ti wá, ṣùgbọ́n nígbà tí Dakar, Accra, Lomé àti Port Harcourt ti lo irú ẹ̀rọ kan náà, fóònù tí a rà níhìn-ín ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo òṣùwọ̀n mìíràn, CDMA, bíi Starcomms àti Multilinks rí ìyà òdìkejì rẹ̀: bí iṣẹ́ wọn ṣe dára tó nílé, fóònù oníbàárà wọn kò wúlò bó bá ti dé ilẹ̀ tí kò sí CDMA.

Òfin Ouagadougou àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Lọ́dún 2002, àwọn àjọ aṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ agbègbè yìí dá ẹgbẹ́ WATRA sílẹ̀, Àbújá ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó CFA, gbé Ìtọ́ni mẹ́fà jáde lórí ìbánisọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2007, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Ouagadougou, wọ́n sì fọwọ́ sí Àfikún Òfin mẹ́fà. Èkíní mú ìlànà gbogbo orílẹ̀-èdè bára mu. Èkejì dá lórí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan yóò ṣe so mọ́ òmíràn, ẹ̀kẹta lórí ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́, ẹ̀kẹrin lórí nọ́ńbà, ìkarùn-ún lórí ìgbì rédíò, ìkẹfà sì lórí bí ìbánisọ̀rọ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ mùtúmùwà, títí kan àwọn ará oko. Òfin mìíràn tẹ̀lé e: lórí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni lọ́dún 2010, lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára lọ́dún 2011, lórí ẹ̀tọ́ láti lo ibùdó okùn abẹ́ òkun lọ́dún 2012, lórí okùn orí ilẹ̀ lọ́dún 2016, àti lórí roaming, ìyẹn lílo síìmù ilé nílẹ̀ òkèèrè, lọ́dún 2017.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, ó sì dára. Ìmúṣẹ ni kò dọ́gba. Ní Benin àti Tógò, àdéhùn tí ìjọba bá fọwọ́ sí tí ó sì tẹ̀ jáde ga ju òfin ilé lọ. Ní Nàìjíríà, abala kejìlá Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò lágbára òfin àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ọdún 2003 ni Nàìjíríà sì ṣe òfin ìbánisọ̀rọ̀ tó ń lò, ọdún mẹ́rin ṣáájú ìpàdé Ouagadougou. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè tí ọjà rẹ̀ tóbi jù lágbègbè yìí ń fi òfin tó dàgbà ju àdéhùn lọ ṣàkóso ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí roaming fi ń lọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, tí kò kárí gbogbo agbègbè. Lọ́dún 2016, Senegal, Mali, Guinea, Côte d'Ivoire àti Burkina Faso ti ṣàdéhùn tiwọn ní Abidjan kí òfin ECOWAS tó jáde. Gánà náà ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti fìdí múlẹ̀

Nọ́ńbà ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. ITU ló fún Nàìjíríà ní 234, Benin ní 229, Tógò ní 228, Gánà ní 233. Kò sí nọ́ńbà àgbáyé tó gbọ́dọ̀ ju díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Lábẹ́ òpin yìí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè tún tirẹ̀ ṣe: Côte d'Ivoire sọ nọ́ńbà rẹ̀ di díjíìtì mẹ́wàá ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2021, Benin ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tó fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà. Oníṣòwò ní Port Harcourt tó ní oníbàárà ní Kútọnu ní láti tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìpè ń wọlé, nítorí pé ẹ̀rọ méjèèjì mọ ìlànà kan náà.

Tẹlifíṣọ̀n fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn wá. Ní Geneva lọ́dún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ITU dá ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 pé kí ìgbéjáde ánálọ́ọ̀gù àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀. ECOWAS yan òṣùwọ̀n DVB-T2 ti ìgbéjáde díjítà fún gbogbo agbègbè. Yíyàn náà bọ́ sójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n owó àti ìṣètò jẹ́ ti ìjọba kọ̀ọ̀kan: oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní Jos.

Ààlà tí ìgbì rédíò kò mọ̀

Fún ẹni tó ń gbé Port Harcourt, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn tó wà ní Èkó kì í sábà rí. Kámẹ́rúùnù àti Equatorial Guinea ni orílẹ̀-èdè òkèèrè tó sún mọ́ etíkun ìhà yìí jù, erékùṣù tí Malabo wà sì kọjú sí i lójú òkun. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ECOWAS. Àfikún Òfin lórí ìgbì rédíò kò dè wọ́n. Bí máàsì létíkun níhìn-ín bá sì ń da ti aládùúgbò láàmú, ITU tàbí ìjíròrò láàárín ìjọba méjì nìkan ló kù. Ní ti okùn abẹ́ òkun, èyí tó lọ láti Nàìjíríà sí Kámẹ́rúùnù ti wà láti ọdún 2015, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, Kribi ló dé. Kò yà sí Ìpínlẹ̀ Rivers. Etíkun tí okùn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1886 di ibi tí okùn tuntun ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Okùn abẹ́ òkun àti ẹ̀kọ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024

SAT-3 dé Èkó lọ́dún 2002. MainOne àti Glo-1 dé lọ́dún 2010. WACS àti ACE tẹ̀lé wọn. Equiano gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta ọdún 2022 àti sí Èkó ní oṣù tó tẹ̀lé e. Dátà tó bá ń lọ sókè òkun láti Port Harcourt sábà máa ń gba fáíbà orí ilẹ̀ lọ sí Èkó ná. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ títì tàbí tí àwọn olè ti ń gé okùn lójú ọ̀nà yẹn ni ìbánisọ̀rọ̀ ìlú náà ti lè já.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Báńkì dákẹ́ ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Côte d'Ivoire àti ní Benin. Orílẹ̀-èdè kan kò lè dá yẹra fún irú ewu bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó lówó tó: ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ lójú omi ẹlòmíràn, ilé ẹni ló sì ṣókùnkùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nàìjíríà nílò ọ̀nà Lomé àti Kútọnu bí àwọn náà ṣe nílò ọjà rẹ̀. Láti inú ìjàǹbá yìí, ITU àti àwọn elétò okùn dá ìgbìmọ̀ àgbáyé kan sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bosun Tijani, mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, wà lára àwọn alága méjì rẹ̀, ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà sì wáyé ní Àbújá ní oṣù Kejì ọdún 2025. Nílé, àṣẹ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ti sọ máàsì, fáíbà àti ibùdó dátà di dúkìá orílẹ̀-èdè tí bíbà á jẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìrètí méjì wà fún ìhà ìlà-oòrùn. Okùn 2Africa ní ibi ìgúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom yàtọ̀ sí ti Èkó. IXPN, ibi pàṣípààrọ̀ dátà Nàìjíríà, sì ní ibùdó ní Port Harcourt, kí ọ̀rọ̀ láàárín ènìyàn méjì nínú ìlú kan náà má baà rìn lọ sí ìlú mìíràn kó tó padà.

Àwọn àbá

Àkọ́kọ́, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ sọ àwọn òfin ECOWAS lórí ìbánisọ̀rọ̀ di òfin ilé, kí wọ́n sì tún òfin 2003 ṣe ní ìbámu pẹ̀lú wọn. Èkejì, kí NCC àti WATRA bá Kámẹ́rúùnù àti Equatorial Guinea ṣàdéhùn tó wà títí lórí ìgbì rédíò àti okùn, nítorí pé ààlà ECOWAS kì í ṣe ààlà ìgbì. Ẹ̀kẹta, kí ibi ìgúnlẹ̀ okùn ní ìhà ìlà-oòrùn wà ní ṣíṣí fún gbogbo ilé iṣẹ́ ní iye tó bójú mu, bí òfin 2012 ti wí, kó má di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin, kí orílẹ̀-èdè kan máa gba ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí òmíràn ti ṣe, kí ẹ̀rọ tí Àbújá ti yẹ̀ wò má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu. Ìkarùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò ní ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, ITU àti ATU ṣì kó gbogbo wa pọ̀. Kí àwọn amojú ẹ̀rọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ níbẹ̀ kódà bí àwọn olóṣèlú bá bínú síra.

Àgbálọgbábọ̀

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rédíò odò Bonny àti síìmù oníṣòwò Kútọnu kì í ṣe ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Atukọ̀ tó bá kọ òṣùwọ̀n sílẹ̀ yóò jìyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìjọba tó bá kọ òfin roaming tàbí òfin ibùdó okùn sílẹ̀ kò jìyà kankan, ará ìlú ló ń san án. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ohun tó kù fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ni ìjíhìn. Kí WATRA máa tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, tí yóò sọ òfin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mú ṣẹ àti èyí tó ṣì fi sílẹ̀. Kí ìròyìn náà má sì mọ sí Èkó àti Àbújá: kí ó sọ iye dátà, ìyára rẹ̀ àti iye ìgbà tó ń já ní Port Harcourt àti ní àwọn ìlú tó jìnnà sí ibi ìgúnlẹ̀ okùn. Àwọn aráàlú wọ̀nyí ni àwọn olórí fọwọ́ sí ìwé nítorí wọn ní Ouagadougou, àwọn náà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ìwé náà ti ṣe fún wọn.