Ta Ló Ń San Owó Oúnjẹ ní Warri?

Àwọn tó bá ti Èkó wá ṣiṣẹ́ ní Warri máa ń bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti lè jẹ búfẹ́ tó dáa tí kò sì wọ́n, irú èyí tí wọ́n gbọ́ pé ó wà nílé tẹ́tẹ́ lókè òkun. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: ta ni yóò bá yín san ìyókù owó náà? Oúnjẹ kì í pọ̀ rẹpẹtẹ kí owó rẹ̀ tún kéré, àfi tí ẹlòmíràn bá ti san án.

Ẹ wo Las Vegas. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ tábìlì oúnjẹ sílẹ̀ fáwọn onítẹ́tẹ́. Dọ́là kan péré lèèyàn ń san nígbà náà, yóò sì jẹ títí tí yóò fi yó. Ẹni tí ebi bá ń pa yóò jáde lọ wá oúnjẹ, ó sì lè má padà wá mọ́. Ẹni tó bá yó síbẹ̀ yóò padà sídìí tẹ́tẹ́, owó tó bá sì pàdánù níbẹ̀ ló ń san gbèsè ẹran tó jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, kàsínò tí mo mọ̀ dáadáa, Èkó ló wà, ní Federal Palace Hotel ní Victoria Island, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣí lọ́dún 1960 tá a gba òmìnira. Ní Warri, kì í ṣe tẹ́tẹ́ ló tẹ́ tábìlì fún wa. Epo rọ̀bì ni.

Kí epo rọ̀bì tó dé, epo pupa, èkùrọ́ àti rọ́bà ni wọ́n ń kó gba odò Warri. Iléeṣẹ́ oníṣòwò UAC àti John Holt ló ń rà wọ́n. Bàbá mi, Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló, ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú yìí nígbà náà. Àwọn obìnrin Urhobo àti Itsekiri tó ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá ọjà ló ń bọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n rí epo ní Oloibiri ní 1956, Warri di ọ̀kan nínú ibùdó ńlá Shell. Iléeṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ti irin ní Aladja tẹ̀ lé e ní 1982. Òyìnbó pọ̀, agbaṣẹ́ṣe pọ̀, òtẹ́ẹ̀lì ń yọ bí olú láti Warri dé Effurun. Ọjọ́ Sunday ni búfẹ́ wa máa ń kún jù. A óò gbé àwọn abọ́ gígùn lé orí omi gbígbóná, iná kékeré lábẹ́ wọn: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ, ẹja, sàláàdì, kúùkù kan yóò sì dúró nídìí ẹran màlúù, yóò máa gé e fálejò. Àlejò kò béèrè iye owó. Ó kàn ń fọwọ́ sí ìwé ni, nígbà tí oṣù bá parí, a óò kó ìwé náà ránṣẹ́ síléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Àwọn tó jókòó yẹn ń jẹ ọ̀fẹ́. Ará ìlú tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ jẹ níbẹ̀ yóò wo iye tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì pẹ̀yìn dà.

Ohun tó dùn mí jù nígbà náà ni pé ọbẹ̀ bàǹgá àti sítáàṣì, oúnjẹ ìlú gan-an, kò sí lórí tábìlì yẹn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná làwọn òṣìṣẹ́ ti ń sè é jẹ. Ọ̀gá wa ní àlejò ò ní fẹ́ ẹ. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó jẹ́ Urhobo gbóòórùn rẹ̀ tó sì béèrè tirẹ̀, a gbé e jáde, gbogbo tábìlì tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìgbà yẹn la tó rí ìṣòro tó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀. Ohun funfun tó bá silẹ̀ sísàlẹ̀ ni sítáàṣì. A óò fi omi pò ó pẹ̀lú epo pupa díẹ̀, a óò gbé e kaná, a óò máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi pọ́n bí ìyeyè, tí yóò sì máa fà. Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Tó bá tutù, ó ti le nìyẹn, eyín ò fẹ́ràn ẹ̀ mọ́. Ọbẹ̀ bàǹgá pẹ̀lú igi olóòórùn tí wọ́n ń pè ní oburunbebe nínú rẹ̀ lè dúró lórí omi gbígbóná látàárọ̀ dọ̀sán. Sítáàṣì ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rò ó fún oníkálukú bó ṣe ń jókòó. Búfẹ́ sì rèé, kí á sè é lẹ́ẹ̀kan náà, kí á tẹ́ ẹ sílẹ̀, lèrè rẹ̀. A gba obìnrin kan síṣẹ́ láti máa rò ó nígun ilé, òtẹ́ẹ̀lì sì ń gba owó sítáàṣì lọ́tọ̀.

Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó ẹran àti wàrà òkèèrè ròkè. Ṣùgbọ́n ìjà ló pa búfẹ́ wa. Ní March 1997, ìjọba gbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìjọ̀ àti Itsekiri, ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1999, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2003. Àwọn iléeṣẹ́ epo kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn kúrò. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé lọ, abọ́ gígùn wa sì di ohun tá à ń gbé jáde nígbà ìgbéyàwó nìkan.

Àwọn obìnrin ọjà Igbudu ò ṣíwọ́. Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó bá wọn san ohunkóhun rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú kí oúnjẹ dáa kó má sì wọ́n yàtọ̀ sí ti Las Vegas pátápátá. Oníbàárà ló ń sọ iye sítáàṣì tó fẹ́. Ẹran lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sanwó ohun tí kò jẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ẹja àrọ̀ yóò fi edé inú ọbẹ̀ jẹ tirẹ̀, àyè ìjókòó kan náà ni òun àti ọ̀gá oníṣòwò tó ń jẹ orí ẹja.

Ibẹ̀ ni mo ń júwe fún àwọn tó ti Èkó wá. Ẹ lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ má ra sítáàṣì tí wọ́n ti dì sílẹ̀, ẹ sọ fún ìyá náà pé kó ro tiyín tuntun. Yóò ní kí ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jókòó dè é.