Dìgbòlugi: Orúkọ Tí Àwọn Baba Wa Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A ti kọ̀wé nípa ìfẹ́ títí nínú ìwé wa yìí, a ti bú ìjọba, a ti bú oúnjẹ káfitéríà. Ajá náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan ẹ̀mí wa ju bí a ṣe rò lọ.

Orúkọ kan ni kí á fi bẹ̀rẹ̀: dìgbòlugi. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì mọfọ́lọ́jì. "Dìgbò lù" ni kéèyàn máa sáré kọlu nǹkan. Igi sì ni igi. Ajá tó ń dìgbò lu igi ni. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò, ojú lásán ló fi ṣiṣẹ́. Ó rí ajá tí kò dá olówó rẹ̀ mọ̀ mọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó sì ń gé ohunkóhun tó bá kàn jẹ, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ èèyàn. Ohun tí àwọn dókítà ẹranko kọ sílẹ̀ nípa rabies lónìí kò jù báyẹn lọ. Àwọn baba wa ti kọ káàdì ilé ìwòsàn ajá náà sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n mọ ajá tó bẹ́ẹ̀. Nínú àlọ́ wa, àìmọye ìgbà ni ajá gba ọdẹ lọ́wọ́ ikú. Ajá náà sì ni Ògún ń gbà. Tí ẹ bá wà ní ìlú Oǹdó nígbà ọdún Ògún, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ nìkan, ó kan awakọ̀ àti mẹkáníìkì pẹ̀lú. Jacob Olúpọ̀nà kọ odidi ìwé kan lórí àwọn ọdún ìlú Oǹdó ní 1991, ọdún Ògún sì ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Oǹdó, ajá lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó lè jẹ́ ẹbọ, ó sì lè jẹ́ ẹran ọbẹ̀. Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé eyín kan náà ni gbogbo wọn ní, ẹni tó ń de ajá mọ́lẹ̀ tó sì ń pa á ló sì súnmọ́ itọ́ rẹ̀ jù.

A ní orúkọ fún àrùn náà, ṣùgbọ́n a ò ní ohun tó lè dá a dúró. Ní July 6, 1885, ní ìlú Paris, Louis Pasteur gún ọmọdé kan lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Joseph Meister lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ajá ló gé e jẹ. Ọmọ náà yè. Níbí, 1912 ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa àrùn yìí ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba òyìnbó sì dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, ní 1924, àrùn màlúù ló gbé wọn débẹ̀, kì í ṣe ti ajá. Màlúù ló ń mówó wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Vom tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe abẹ́rẹ́ ajá.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kó tirẹ̀ sínú ìtàn yìí. Ní 1968, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi lára asín ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ ọ́ ní Mokola, orúkọ àdúgbò Mọ́kọ́lá tí gbogbo wa mọ̀. Ìlú wa wọ inú ìwé sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ta ló fẹ́ irú oríkì bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé ọmọ ajá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Àkúrẹ́. Ajá mẹ́ta ló ṣáájú wa. Ọmọ ajá òyìnbó ni àkọ́kọ́, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ti fa omi sí i lẹ́sẹ̀. Páfò ni wọ́n pè é. Dókítà ní kò sóògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yẹn, omi àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń gbé ara ajá ró títí ara á fi jà fúnra rẹ̀. Àrùn tuntun ni, 1978 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìdí rèé tí kò fi lórúkọ Yorùbá. Èrìgì ajá kejì ti funfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bíi sóbò. Eégbọn ló fi kòkòrò sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí wọ́n pa eégbọn ilé pẹ̀lú. Kúrúnà àti aràn ló ń dààmú ẹ̀kẹta, ìyẹn ò le.

Mo wá bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n máa ń gbé ajá ìbílẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò mi, ajá olówó ńlá ni wọ́n ń gbé wá. Ajá ìbílẹ̀ kẹ̀? Àfi tó bá ti gé èèyàn jẹ."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú èèyàn ọgọ́rùn-ún tí àrùn yìí ń pa, bí i mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé ó ń pa bí i 59,000 èèyàn lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ó ti bọ́ sórí. Lára ajá ni wọ́n ti ń dá a dúró, kì í ṣe lára èèyàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló sì ń ṣe é.

Tí ajá bá gé ẹ jẹ, má fi epo síbẹ̀, má fi irun ajá síbẹ̀. Fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó o sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, gbà á pé. Tí wọ́n bá mọ ajá náà, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ sì rántí September 28, ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gún ajá lábẹ́rẹ́ lásìkò yẹn.

Wọ́n ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ajá ìbílẹ̀ tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn baba wa ti ṣe tiwọn, wọ́n fún wa lórúkọ. Ó kù sọ́wọ́ wa kí dìgbòlugi di ọ̀rọ̀ àtijọ́, tí ọmọ tó bá ń ka Yorùbá lọ́jọ́ iwájú á máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀.