Láti Ẹ̀wọ̀n dé Àwọ̀n: Ìtàn Bí Máàsì Ṣe Ń Bá Máàsì Sọ̀rọ̀

Òpó onírin tí fóònù alágbèéká ń bá sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní máàsì, kì í dá iṣẹ́ ṣe, nítorí pé ohùn tí ó bá gbà lẹ́nu oníbàárà gbọ́dọ̀ tún rin ìrìn àjò kejì dé ibùdó ńlá tí ó mọ ibi tí ẹni tí à ń pè wà. Ìrìn àjò kejì yìí bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n, níbi tí oríkèé kan ti ń di ìkejì mú, ó sì ń di àwọ̀n díẹ̀díẹ̀, níbi tí okùn púpọ̀ ti ń pàdé ní kókó kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ AT&T ṣí ọ̀nà rédíò tí ó la Amẹ́ríkà já láti New York dé San Francisco, lórí òpó 107 tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí máìlì 30. Ìgbì máíkírówéèfù ni wọ́n lò, ìyẹn ìgbì rédíò kúkúrú tí ó ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀, tí kò sì lè yí òkè po, nítorí náà ó di dandan kí òpó kọ̀ọ̀kan máa rí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká GSM tọ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, torí pé wáyà tí NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ti fà sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọdún 2003, MTN, ọ̀kan nínú wọn, ṣí apá àkọ́kọ́ Y'elloBahn, ọ̀nà máíkírówéèfù oníkìlómítà 3,400. Àléébù ẹ̀wọ̀n ni pé bí oríkèé kan bá já, gbogbo máàsì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò yadi.

Èrò àwọ̀n ti wà ṣáájú GSM. Ní ọdún 1964, Paul Baran, onímọ̀ ẹ̀rọ ní àjọ RAND, ṣàlàyé pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò ní olú kan ṣoṣo lè la ogun já, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ọ̀tá bá ba kókó kan jẹ́, ọ̀rọ̀ yóò gba ibòmíràn. Ní ọdún 1973, DARPA, àjọ ìwádìí fún iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ PRNET, nínú èyí tí wọ́n gbé rédíò sórí àwọn òkè agbègbè San Francisco, tí rédíò kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀rọ̀ tí a ti gé wẹ́wẹ́, tí ó sì ń ta á látaré fún èyí tí ó wà nítòsí.

Ohun tí ó mú àwọ̀n dé ọ̀dọ̀ máàsì ni pé máàsì ń kéré sí i, ó sì ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi di ohun tí a ń so mọ́ òpó iná ìgboro, tí owó àtifa wáyà dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ́n jù. Terragraph, ètò àwọ̀n rédíò tí Facebook fi hàn ní ọdún 2016, lo ìgbì 60 GHz, èyí tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé mì kí ó tó lọ jìnnà; àbùkù ni èyí jẹ́ fún ẹ̀wọ̀n gígùn, ṣùgbọ́n àǹfààní ni fún àwọ̀n, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ àdúgbò kan dí ti àdúgbò kejì lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, 3GPP, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣètò ìlànà ẹ̀rọ tẹlifóònù lágbàáyé, fi ètò tí wọ́n ń pè ní IAB kún ìlànà 5G, kí máàsì lè máa fi irú rédíò tí ó fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ bá máàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, igi ni IAB jọ ju àwọ̀n lọ: ẹ̀ka kan lè ní òbí méjì, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà lára wáyà fáíbà, nítorí pé gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yà lójú ọ̀nà ni ó ti ń san owó ibodè, ní àkókò àti ní àyè orí afẹ́fẹ́.