Mò ń lo oògùn, síbẹ̀ ẹ̀rù oyún ń bà mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Oṣù tó kọjá, ọjọ́ márùn-ún ni nǹkan oṣù mi fi pẹ́. Mò ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí o, n ò sì fo ọjọ́ kan. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbéra lálẹ́, mo lọ sí Pánṣẹ́kẹ́, mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò ní kẹ́míìsì tí wọn ò ti mọ̀ mí. Ẹ ṣá mọ Abẹ́òkúta, ẹni tó tà á fún ẹ lè jẹ́ ọmọ ìjọ ìyá ẹ. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn oògùn náà kiri. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù yìí ti wà kí oògùn ọ̀hún tó dé ọjà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, dókítà kan ní Boston, John Rock, ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ń wójú ọmọ. Ó fún wọn ní họ́mọ́ọ̀nù lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nǹkan oṣù wọn dúró, èébì ń gbé wọn, ọmú ń dùn wọ́n. Wọ́n ní oyún ti dé! Kò sí oyún kankan. Ẹni tó ti ń sunkún ọmọ láti ọjọ́ yìí, ẹ rò ó wò.

Gregory Pincus, tí òun àti Rock jọ ń ṣiṣẹ́, ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa lò ó fún 20 ọjọ́, kí wọ́n wá dá a dúró kí ẹ̀jẹ̀ lè wá, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ibẹ̀ ni káàdì ọlọ́jọ́ 21 àti 28 ti ṣẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ káàdì 28, hóró méje tó gbẹ̀yìn kò ní họ́mọ́ọ̀nù. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan oṣù gan-an, ó sì lè má wá nígbà míì láìsí oyún. Torí kí a má bẹ̀rù ni wọ́n ṣe fi sí i, òun náà ló wá ń dẹ́rù bà wá!

Ní 1956 wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin tálákà ní Puerto Rico láì sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Ìyẹn bí mi nínú. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1960. Inú iṣu igbó Mẹ́síkò sì ni Russell Marker ti rí ọ̀nà láti ṣe irú họ́mọ́ọ̀nù náà lọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1940. Àwa Ẹ̀gbá ọlọ́láfún ò lọ́wọ́ sí i o.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá wà nínú ìtàn ìfètòsọ́mọbíbí ní Nàìjíríà. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Fúnmiláyọ̀, ni mínísítà ìlera nígbà tí ìjọba gbé ìlànà 1988 jáde: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Obìnrin o! Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, tó bí méjìlá, ò rú ìlànà kankan. Àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nígbà náà, wọ́n sì jàre.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé omi iyọ̀, tàbí Alábùkún pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀ọ́! Jacob Odulate tó bẹ̀rẹ̀ Alábùkún ní Abẹ́òkúta níbí ní 1918, torí ẹ̀fọ́rí àti ara ríro ló ṣe é.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́ gan-an ni gbígbàgbé, èébì láìpẹ́ lẹ́yìn tí o gbé e mì, àti àwọn oògùn kan bíi rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tí o bá ń lò ó dáadáa, obìnrin tó máa lóyún lọ́dún kò tó ẹyọ kan nínú 100. Bí a ṣe ń lò ó láyé gidi, ó tó bíi méje.

Mo ṣì ń lò ó. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni fóònù mi ń dún. Ohun àyẹ̀wò kejì ṣì wà nínú báàgì mi, n ò tíì jù ú nù.