Rashidi Yekini, atamátàsé ọmọ Ìrá

Kàdúná ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí ní 1963, àmọ́ ọmọ Ìrá ni, ní Gúúsù Kwara wa níbí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn kó tó ré òkun kọjá. Ní Vitória Setúbal, ilẹ̀ Potogí, góòlù 21 ló jẹ ní sáà 1993 sí 1994. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Áfíríkà, ní 1993.

Lọ́dún 1994 ní Amẹ́ríkà, òun ló jẹ góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ó di àwọ̀n mú, ó ń sunkún.

Nígbẹ̀yìn, òun nìkan ló ń gbé ní Ìbàdàn. Wọ́n ní àìlera ọpọlọ ń bá a fínra. Àwa tí a pariwo orúkọ rẹ̀, mélòó nínú wa ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀, 4 oṣù Kárùn-ún 2012, lẹ́ni ọdún 48. Ìrá ni wọ́n sin ín sí. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.